Ta Ni Kó Sọ Ẹni Tí A Jẹ́?

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dàgbà, bí a ò tilẹ̀ bi àwọn àgbà léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ó ní láti mọ iye ilé ìwé tí yóò kọ́ àti iye dókítà tí yóò gbà síṣẹ́, nítorí náà ó máa ń kà wá. Àwa tí iṣẹ́ oòjọ́ wa jẹ́ kíkọ sọ́fítíwíà ò lè bá a jà lórí ìyẹn, torí kíkà ni iṣẹ́ tiwa náà: iye ẹni tó tẹ bọ́tìnì, iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀, iye ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù dé ìdajì tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kíkà gan-an kò le. Ohun tó máa ń le ni kí á tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ní láti pinnu ohun tí a fẹ́ kà, àti ẹnu ta ni a ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo orílẹ̀-èdè Húngárì, ní àárín ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn ènìyàn tó lé ní 300,000 ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yà Roma làwọn, ìyẹn àwọn tí aládùúgbò ti ń pè ní cigány láti ayébáyé. Láàárín 2010 sí 2013, àwọn olùwádìí yunifásítì ìlú Debrecen náà wá iye àwọn Roma ní orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n sì rí bíi 870,000. Kò sí ogun láàárín òǹkà méjèèjì, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn, síbẹ̀ ènìyàn tó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ ti bọ́ sáàárín wọn. Bí query méjì bá gbé irú èsì báyìí jáde láti inú database kan ṣoṣo, àwa á ní ọ̀kan ti bàjẹ́, a ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Húngárì, kò sí èyí tó bàjẹ́. Ìkànìyàn bi olúwa rẹ̀ léèrè pé, “Ta ni ọ́?” Àwọn ará Debrecen lọ bá àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, wọ́n bi wọ́n léèrè pé, “Roma mélòó ló wà níbí?”

Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn?

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á ti dáhùn kí a tó sọ̀rọ̀ tán: olúwa rẹ̀ ni, kí ló tún kù? Òfin Húngárì náà gbà bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1993 mọ ẹ̀yà kékeré mẹ́tàlá lábẹ́ òfin, láti orí Roma àti Jámánì dé orí Slovene àti Armenia, ó sì fi yíyàn ẹ̀yà sọ́wọ́ ẹni tó ni ara rẹ̀. Ìbéèrè ẹ̀yà nínú ìkànìyàn kò pọn dandan. Láti 2001, ènìyàn lè mú ju ẹ̀yà kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àyè róbótó tó máa ń pa ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹ́ tí o bá tẹ ìkejì, àti àpótí kékeré onígun mẹ́rin tó ń gbà kí o mú gbogbo ohun tó bá ọ mu. Àpótí onígun mẹ́rin ni Húngárì yàn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Slovak tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Húngárì kò ní láti já ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Èyí wù wá gan-an ni. Ìdí nìyí tí iye gbogbo ẹ̀yà tí ẹ bá rò pọ̀ fi máa ń ju iye àwọn tó dáhùn lọ, àwọn kan sì máa ń pè é ní àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n ní 2011 yẹn, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ló fi àyè ẹ̀yà sílẹ̀ lófìfo. Nínú iṣẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé null yàtọ̀ sí òdo. Òdo ni ẹni tó dáhùn pé òun ò ní. Null ni ẹni tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí òfin ní kó sọ ohun tó bá wù ú ṣe pa ẹnu mọ́?

Ẹ bá wa padà sí ọdún 1900. Húngárì ìgbà náà tóbi ju ti òní lọ fíìfíì, ara ìjọba ọba Austríà òun Húngárì ló wà, àwọn Slovak, àwọn ará Románíà, àwọn Jámánì, àwọn ará Sérbíà àti àwọn mìíràn ló sì jọ ń gbé inú rẹ̀. Ìkànìyàn wọn kì í béèrè ẹ̀yà, èdè abínibí ló ń béèrè. Láìka Kroatíà mọ́ ọn, ìdá 51.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èdè Húngárì ni èdè abínibí àwọn. Wọ́n kọjá ìdajì, bíńtín báyìí, ìdajì yẹn sì ni àwọn olóṣèlú wọn ń gbé ga pé àwọn làwọn ni ilẹ̀. Àwọn Júù tó wà níbẹ̀ nígbà náà lé ní 800,000, ó sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lọ tó kọ ọ́ pé èdè Húngárì ni èdè àwọn. Ẹ yọ àwọn wọ̀nyí kúrò nínú òǹkà, ìdá 51.4 yẹn á bọ́ sísàlẹ̀ ìdajì. Àwọn Júù ló ti Húngárì kọjá ìdajì nínú ilé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1920, àdéhùn Trianon gé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà kúrò. Àwọn tó ń sọ èdè Húngárì, bíi mílíọ̀nù mẹ́ta, bá ara wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn láìdìde lórí ibùsùn wọn. (Ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná. Láti 2011 ni ìjọba ti ń fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ níwèé ọmọ orílẹ̀-èdè níbikíbi tí wọ́n wà, ó sì ti ju mílíọ̀nù kan lọ tó gbà á.) Nínú ilẹ̀ tó kù, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń sọ èdè Húngárì. Òǹkà ti pé. Kò sí ẹni tó tún nílò Júù láti fi dé ìdajì. Lọ́dún 1920 yẹn kan náà ni ìjọba ṣe òfin tó dín iye Júù tó lè wọ yunifásítì kù, ìlànà tí wọ́n fi ń mú un ṣẹ sì kà wọ́n sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ní 1939, òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbá àgbà àti ìyá àgbà wá Júù. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn 1941 wá béèrè ẹ̀sìn àwọn òbí àgbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Láàárín ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1944, wọ́n ti kó Júù tó lé ní 430,000 sínú ọkọ̀ ojú irin, Auschwitz sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn gbà lọ. Ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó kọ ọ́ ní 1900 pé èdè Húngárì lèdè wa ń bẹ nínú ọkọ̀ yẹn.

Fọ́ọ̀mù 1941 ṣì ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ogun parí, Jámánì pàdánù, àwọn tó borí sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà Jámánì kúrò ní Húngárì. Ta wá ni ẹ̀yà Jámánì? Láti bí igba ọdún ni àwọn ìdílé kan ti wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbin àjàrà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ aládùúgbò. Àṣẹ tí ìjọba gbé jáde ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1945 dáhùn ìbéèrè yìí bí àwa gan-an ì bá ṣe dáhùn rẹ̀: ẹ ṣí àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀. Wọ́n mú àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Hitler tàbí nínú ọmọ ogun SS, wọ́n sì mú ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ nínú ìkànìyàn tó kọjá pé ẹ̀yà Jámánì ni òun, tàbí pé Jámánì ni èdè abínibí òun. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1946, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ gbéra ní Budaörs, lẹ́bàá Budapest. Nígbà tó fi máa di 1948, àwọn tí wọ́n kó lọ ti tó 180,000.

Ẹ ronú sí i díẹ̀. Àgbẹ̀ kan jókòó nílé rẹ̀ ní 1941, òǹkọ̀wé ìjọba wọlé, ó bi í pé èdè wo ni ìyá rẹ fi kọ́ ọ. Ó sọ òtítọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, òtítọ́ yẹn lé e kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó parọ́ ń bẹ nílé rẹ̀.

Ìkànìyàn tó tẹ̀ lé e wáyé ní 1949. Nínú gbogbo Húngárì, 2,617 péré ló sọ pé ẹ̀yà Jámánì làwọn. Àwọn tó gbà pé Jámánì ni èdè abínibí wọn jẹ́ 22,455. Ẹ rí i bí ìbẹ̀rù ṣe rí nínú dátà: nǹkan bí 20,000 ènìyàn lè jẹ́wọ́ èdè tí aládùúgbò ti gbọ́ lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀yà. Àwọn yòókù tí wọn ò kó lọ ṣì wà nílé wọn, wọ́n kàn yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà ni. Nígbà tó di 2011, àwọn tó so ara wọn mọ́ ẹ̀yà Jámánì lọ́nà kan tàbí òmíràn jẹ́ 185,696. Obìnrin wo ló bí gbogbo wọn? Lára ìbísí yẹn, ojora tó ń kúrò lára ni.

Tí ó bá rí báyìí, ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán: kí olúwa rẹ̀ di ìdáhùn rẹ̀ mú, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé irọ́ ló pa. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn Roma ti wá dí wa lọ́nà.

Èdè ò lè fi wọ́n hàn. Púpọ̀ jù lọ nínú Roma Húngárì, èdè Húngárì ni wọ́n bá lẹ́nu ìyá wọn. Àwọn kan ń sọ Romani. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Beás ń sọ irú èdè Románíà àtijọ́ kan. Bí a bá ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, òǹkà náà á máa sáré bí ọmọ agbọ́n: 142,000 àti díẹ̀ ní 1990, bíi 190,000 ní 2001, ó lé ní 300,000 ní 2011. Ọdún mọ́kànlélógún ló wà láàárín wọn. Ibi tí ìtìjú bá ti pọ̀, ẹni tí yóò jẹ́wọ́ á kéré. Tí ọkàn bá balẹ̀ díẹ̀, tí fọ́ọ̀mù sì gbà kí ènìyàn jẹ́ Roma kó tún jẹ́ ọmọ Húngárì, wọ́n á pọ̀ sí i.

Lọ́dún 1971, onímọ̀ nípa àwùjọ kan, István Kemény, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ẹni tí òun ó kà sí Roma ni ẹni tí àwọn tí kì í ṣe Roma tó yí i ká bá kà sí Roma. Ó rí bíi 320,000. Ó ń dunni létí, àbí? Bí ẹni pé kí a lọ bi aládùúgbò wa léèrè orúkọ tí à ń jẹ́. Ní àwọn ọdún 1990, János Ladányi àti Iván Szelényi dojú kọ irú ìkànìyàn yìí gidi gan-an: ojú àwọn tó ń wò kò rí bákan náà, wọ́n ní, tí ẹ bá yí ẹni tó ń kà padà, ẹ ó rí iye mìíràn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Kemény náà. Ohun tó ń wá kò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ mọ iye àwọn tí onílé kì í fẹ́ gbà sílé, tí ilé iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ lé, tí wọ́n ń kó sí ẹ̀yìn ìlú. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ni ìyẹn wà.

Ní 2008 àti 2009, àwọn kan ń rìn láti abúlé dé abúlé lóru, wọ́n ń sọ iná sí ilé àwọn Roma, wọ́n sì ń yìnbọn. Ènìyàn mẹ́fà kú, ọmọdé wà lára wọn. A ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn apànìyàn yẹn lọ wo ohun tí àwọn tó kú kọ sínú fọ́ọ̀mù 2001.

Ilé ìwé ńkọ́? Ní abúlé Gyöngyöspata, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Roma fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì ọ̀tọ̀, wọ́n wà nísàlẹ̀, àwọn yòókù wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ Yúróòpù fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dá ọ̀ràn mìíràn láre fún ọ̀dọ́kùnrin Roma méjì tí wọ́n kó sí ilé ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò jí pépé, tí kò sì yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi irú nǹkan báyìí hàn níwájú adájọ́? Ẹ ní láti ka àwọn ọmọ. Ẹ ní láti sọ pé lára àwọn tó wà nísàlẹ̀, mélòó ni Roma, lára àwọn tó wà lókè, mélòó. Òfin tó ń dáàbò bo dátà, èyí tí ìtàn 1941 jẹ́ kó pọn dandan, kò sì gbà kí ilé ìwé kọ ẹ̀yà ọmọ sílẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda. Nítorí náà ó rọrùn gan-an fún ọ̀gá ilé ìwé láti ní, “Àwa ò mọ ẹni tó jẹ́ Roma níbí o, a kì í béèrè.” Ó mọ ẹni tí yóò gbé sókè, ó mọ ẹni tí yóò gbé sísàlẹ̀, àmọ́ kò mọ̀. Òfin tó dára ni ó fi ń bo ara rẹ̀.

Apá kejì náà tún wà, a ò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ní ìlú Jászladány, ní 2002, nígbà tí ìjà lórí ilé ìwé gbóná, àwọn tí kì í ṣe Roma, tí ìyàwó olórí ìlú wà lára wọn, gba ìdìbò wọ inú ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn Roma. Òfin ní ẹni tó bá ní òun ni, òun ni. Ta ló fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò? Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún òfin ìdìbò ọ̀hún ṣe.

Ibi tí a fìdí tì sí nìyí, ẹni tí kò bá bá wa lọ ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ni wọ́n dì pọ̀ sínú column kan ṣoṣo, tí wọ́n sì sọ column náà ní “ẹ̀yà”. Ìkíní ni: ta ni ọ́? Ìyẹn jẹ́ ti olúwa rẹ̀. Kò jẹ̀bi bó bá yí i padà, kò jẹ̀bi bó bá pa á mọ́, àgbẹ̀ tó parọ́ ní 1941 kò sì jẹ wá ní àlàyé kankan. Ìkejì ni: kí ni wọ́n fi ọ́ pè nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ? Ìyẹn, ẹni tó ti ilẹ̀kùn ni kó wá dáhùn, torí lórí rẹ̀ ni ìdáhùn náà wà. Òfin Húngárì mọ èyí ju àwọn olùṣírò rẹ̀ lọ. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe ní 2003 kò béèrè bóyá ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ jẹ́ Roma lóòótọ́. Bóyá ó jẹ́ ẹ, bóyá ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ kàn rò pé ó jẹ́ ẹ ni, ẹ̀ṣẹ̀ náà ò dín. A gbóríyìn fún ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn. Lórí irú òye bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Húngárì fi lè sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú, nǹkan bí mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún forint, fún àwọn ọmọ Gyöngyöspata tí wọ́n ti dàgbà. Olórí ìjọba ìgbà náà, Viktor Orbán, ti sọ̀rọ̀ lòdì sí owó yìí ṣáájú, ó ní kò bá ohun tí àwọn ènìyàn kà sí òdodo mu. Wọ́n san án.

Àwọn kan á ní kí wọ́n yọ ìbéèrè náà kúrò pátápátá, bí Nàìjíríà ṣe yọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìkànìyàn 2006 kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. A mọ ìdí rẹ̀, a ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí column bá lọ, ojú tó ń wò kò lọ. Àwọn ọmọ Gyöngyöspata á ṣì wà nísàlẹ̀, wọn ò kàn ní ní òǹkà tí wọ́n lè gbé lọ bá adájọ́.

Lónìí, ohun tó ń ba àwọn olórí Húngárì lẹ́rù ni pé orílẹ̀-èdè náà ń dín kù. Ní 1980, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10.7 ló wà níbẹ̀. Ní 2022, ó ti di mílíọ̀nù 9.6. Láti 1981 ni òkú ti ń pọ̀ ju ìkókó lọ. Orbán sọ ní 2019 pé òǹkà lásán kọ́ làwọn ń wá, ọmọ Húngárì làwọn ń wá. Láti 2020, ìyá tó bá bí ọmọ mẹ́rin kò ní san owó orí lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ títí ayé. Ó dára. Àmọ́ owó tí wọ́n ń fún gbogbo òbí lóṣooṣù lórí ọmọ kò tíì gòkè láti 2008, òun sì ni òbí tí kò ríṣẹ́ gbára lé. Ìyá Roma tí kò ríṣẹ́, tó bí ọmọ mẹ́rin, kò ní owó orí tí wọ́n fẹ́ bá a yọ. Ṣé ọmọ mẹ́rin tirẹ̀ wà nínú àwọn ọmọ Húngárì tí wọ́n ń wá? Àwọn ọmọ náà ò sọ èdè mìíràn, wọn ò sì mọ ilé mìíràn.

Ìkànìyàn 2022 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó sílé kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, láìsí òǹkọ̀wé ìjọba níwájú rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹ̀sìn níbẹ̀, wọ́n sì ní kò pọn dandan. Ní 2011, nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní 2022, wọ́n di 40. Wọ́n kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀, wọ́n kọ iye yàrá tó wà nínú ilé wọn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, wọ́n dé ibi ìbéèrè ẹ̀sìn, wọ́n fò ó, wọ́n sì tẹ bọ́tìnì tó kàn.